Òkúta tí Òkété gbé sókè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi kò jókòó, ó sáré kọjá lọ sí ẹnu ihò Òkété.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ìkookò ti pa àwọn ọmọ Òkété jẹ, ó ku ẹyọ kan. Ìyá ò sùn, ìyá ò jókòó. Ó dẹ ẹbìtì: ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé òkúta ńlá ró díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìkookò dé, òkúta já lù ú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá arúgbó, ṣé o ń họ mí lẹ́yìn ni?"

Òkété gbé e ga dé orúnkún. Ìkookò tún dé, òkúta já lù ú. Ìkookò tiro lọ. "Ọ̀la ni màá jẹ ọmọ rẹ!"

Ẹtu àti àwọn ẹranko aládùúgbò wá ràn án lọ́wọ́. Ẹtu ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká wá òkúta tó tóbi ju èyí lọ."

"Èyí náà ni! Ẹ bá mi gbé e dórí àpáta tó wà lókè ihò mi. Òógùn tí ẹ bá là níbẹ̀, agbára yín ni yóò máa wọ inú rẹ̀."

Wọ́n ń gbé, wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é:

Òkúta, gòkè o!
Gòkè!
Gba agbára wa dání o!
Gòkè!

Wọ́n fi igi dá a dúró, wọ́n so okùn mọ́ igi náà, wọ́n na án sẹ́nu ihò. Ìkookò dé, ó wòkè.

"Ahá! Òkúta tí ń họ mí lẹ́yìn náà ni!"

Ó tẹ okùn. Òkúta já lù ú. Ìkookò kò dìde mọ́.

Ẹtu ní, "Òkúta yìí mà lágbára o!"

Òkété gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Agbára apá wa ni, Ẹtu. Òkè la fi pamọ́ sí."

Ibi tí àlọ́ mi gbà kọjá nìyẹn. Ìwọ tó o jókòó sábẹ́ igi àgbọn, dìde kí àgbọn tó já lù ọ́!