Ẹrù Tí Ń Yọ́ Rìn Lórí Ọ̀pá

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra, kí àwọn àgbà lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀ òkè, ó já lé Ehoro léjìká. Ó já lé Ìjàpá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú léjìká pẹ̀lú. Èjìká ta ló wúwo jù? Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dáhùn.

Ní ìgbà kan rí, orí òkè ni àwọn ẹranko ń dá oko sí, etí odò nísàlẹ̀ ni wọ́n sì kọ́lé sí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àáró. Lónìí wọ́n á ro oko Ìgalà, lọ́la wọ́n á ro ti Òkété, títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá sí nínú àáró, igbó ni yóò bo oko rẹ̀.

Ehoro wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbélé, ìyá náà sì ń tiro láti ìgbà tó ti ṣubú lọ́nà oko. Bí kò bá sí àáró, kò sí ẹni tí yóò bá wọn kọ ebè.

Bí iṣu bá ti ta, méjì méjì ni wọ́n ń gbé e wálé. Wọ́n á kó iṣu sínú agbọ̀n, wọ́n á fi okùn so agbọ̀n kọ́ ọ̀pá gígùn. Ẹnì kan á gbé orí ọ̀pá lé èjìká níwájú, ẹnì kejì á gbé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Àṣà wọn ni pé ọmọdé ní ń ṣíwájú, àgbà ní ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá délé, ẹni tí kò mí hẹlẹ ni yóò kọ́kọ́ ṣa iṣu tirẹ̀. Wọ́n ní òun ni akin. Ẹni tó ń mí hẹlẹ á ṣa èyí tó kù, tí kòkòrò ti jẹ.

Ìjàpá ní ọ̀pá kan. Ó ti fi iyanrìn ha á, ó ti fi àdín pa á títí ó fi ń dán.

"Ẹ jẹ́ ká lo tèmi," ni ó máa ń wí. "Tiyín máa ń họ èjìká."

Òun náà ló máa ń ta kókó okùn, kì í sì í ta á kó le. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀, agbọ̀n á máa yọ́ rìn lọ síwájú, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹni iwájú létí. Ẹni iwájú kò lè bojú wẹ̀yìn, nítorí ọ̀nà ń yọ̀, òkúta sì pọ̀. Lẹ́yìn, Ìjàpá á gbé ìdí ọ̀pá bí ẹni gbé ìyẹ́ adìyẹ. Á wá máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, àlọ́ kò gbọdọ̀ tutù:

Ẹlẹ́rù, rọra o,
Gbérù, gbérù!
Ọ̀nà ṣì jìn o,
Gbérù, gbérù!
Ọ̀lẹ ní ń mí hẹlẹ o,
Gbérù, gbérù!

Ìgalà bá a gbé e, Ìgalà mí hẹlẹ. Òkété bá a gbé e, Òkété mí hẹlẹ. Nígbà tó kan Ehoro, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ láàárín ọ̀nà. Gbì! Iṣu fọ́n ká.

"Ẹ wá wo ọmọ olétí gígùn!" ni Ìjàpá pariwo. "Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi hu etí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹfọ̀n, olórí ẹgbẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ehoro, bí o bá tún sọ ẹrù kalẹ̀, a ó yọ ọ́ nínú àáró. A kì í fi oúnjẹ bọ́ ọ̀lẹ."

Omi kún ojú Ehoro.

Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ lọ pọn omi. Wọ́n so kèrègbè ńlá kọ́ igi, Ehoro ṣíwájú, ìyá tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń gun etí odò bọ̀ wálé, ó ya Ehoro lẹ́nu pé ẹrù náà fúyẹ́.

"Ehoro, dúró!" ni ìyá rẹ̀ ké. "Ṣé o gbé nǹkan kan ṣá? Èjìká mi fẹ́ já!"

Ehoro wẹ̀yìn. Kèrègbè ti yọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó tì í padà sí àárín, ó di ọgbọọgba. Ó ní kí àwọn kọjú padà sódò, kí òun tún ṣíwájú. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, kèrègbè yọ́ tọ òun wá, ó sì wúwo lé e lórí gan-an bí agbọ̀n Ìjàpá.

"Ìyá mi! Ẹni tí ẹrù bá sún mọ́ ni ìwúwo ń tọ̀ lọ. Ibi tó bá sì rẹlẹ̀ ni ẹrù tí a kò so le ń sún sí. Èmi kọ́ ni ọ̀lẹ!"

"Mo ti mọ̀ pé ìwọ kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n rọra o. Àgbà ni Ìjàpá."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó gbé ẹrù tirẹ̀."

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ, Ehoro dìde. Ó ní, "Mi ò ní fi ọ̀pá Ìjàpá gbé ẹrù mọ́, àfi bí a bá so agbọ̀n mọ́ àárín kó le."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Igi kan, agbọ̀n kan, èjìká méjì. Ṣé agbọ̀n lójú ni, tó fi mọ ẹni tí yóò wúwo lé?"

"Ehoro, jókòó," ni Ẹfọ̀n wí.

"Mi ò jókòó, Bàbá. Bí mo bá jókòó, ẹlòmíràn ló máa ṣubú lọ́la."

Ojúkòkòrò ń yọ Ìjàpá lẹ́nu. Ó ní, "Ó dáa. Kí èmi àti òun gbé ẹrù níṣojú gbogbo yín. Bí ó bá mí hẹlẹ, kó jáde nínú àáró, kí oko ìyá rẹ̀ sì di tèmi."

Oko ìyá rẹ̀! Ṣùgbọ́n Ehoro na ọrùn. "Mo gbà. Àkókò àtigbin èèbù iṣu ti tó. Èèbù Bàbá Ẹfọ̀n ni ká gbé gòkè."

Tẹ́lẹ̀, orí ni olúkálukú fi máa ń ru èèbù gòkè, díẹ̀díẹ̀. Ìjàpá kò fi ọ̀pá gbé ẹrù gòkè rí láyé rẹ̀. Ṣé ó bìkítà? Ó tún fi àdín pa ọ̀pá, ó kó èèbù kún agbọ̀n dé ẹnu.

"Bàbá Ìjàpá," ni Ehoro wí, "ẹ jẹ́ ká so ó le."

"Ẹ̀rù ti ń bà ọ́!"

"Bí ẹ ò bá ní so ó, ẹ bọ́ síwájú, kí n tẹ̀lé yín."

"Èmi àgbà, kí n ṣíwájú ọmọdé? Ìṣe wa dà?" Lójú Ìjàpá, iwájú nìkan ni ẹrù mọ̀ ọ́n lọ.

Wọ́n gbéra. Ìjàpá dá orin: "Ẹlẹ́rù, rọra o!" Gbogbo ẹranko gbè é: "Gbérù, gbérù!" Òkè bẹ̀rẹ̀. Agbọ̀n yọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún yọ́ díẹ̀.

"Ọ̀nà... ṣì... jìn..."

"Gbérù, gbérù!"

"Padà!" ni Ìjàpá ń jágbe mọ́ agbọ̀n. "Iwájú ni wọ́n ń lọ! Padà!"

Agbọ̀n kò padà. Ó jókòó tì í létí. Ẹsẹ̀ kúkúrú méjèèjì gbọ̀n rìrì, àfi gbìràmù! Ìjàpá àti èèbù jọ ń yí gbiri títí wọ́n fi dé etí odò. Ó na gbalaja, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá Ìjàpá," ni Òkété wí, "ta ní ń mí hẹlẹ yẹn o?"

Wọ́n fẹ́ gbé Ehoro sókè. "Akin! Akin!"

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀," ni Ehoro wí. "Ẹ̀yin lẹ pè mí ní ọ̀lẹ. Èjìká kan náà nìyí. Ibi tí ẹrù wà ló yí padà."

Ẹfọ̀n sorí kọ́. Ìgalà ní, "Kí Ìjàpá máa ṣíwájú sọ̀kalẹ̀ láti òní lọ, kí a má so ó le!"

"Rárá o! Ìrẹ́jẹ náà nìyẹn." Ehoro gbé ọ̀pá, ó fi eyín gbẹ́ ojú ibi tí okùn yóò jókòó sí ní àárín rẹ̀ gan-an, ó so agbọ̀n mọ́ ọn, ó fà á le. Ó kojú sí Ẹfọ̀n. "Ní ti iṣu, Bàbá, ẹni tó mí hẹlẹ àti ẹni tí kò mí hẹlẹ, ẹ pín in fún wọn dọ́gba."

"A ó pín in dọ́gba," ni Ẹfọ̀n dáhùn.

Ni Ehoro bá na ọ̀pá sí Ìjàpá. "Ẹ dìde, ká jọ gbé e."

Ìjàpá dìde. Wọ́n ṣa èèbù padà, wọ́n gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìjàpá gbé ìdajì ẹrù.

"Ó wúwo," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wúwo," ni Ehoro dáhùn, ó sì ń gòkè lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kí á tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, kí á kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n so ẹrù mọ́. Ọmọdé tó bá sì rí ìrẹ́jẹ, kó má jókòó torí pé wọ́n ní kó jókòó. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ wá ọ̀pá àti agbọ̀n lọ́la, kí ẹ fi èjìká yín dán an wò.