Káàdì Tí Wọ́n Yí Orúkọ Rẹ̀ Padà

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé kí wọ́n tó kọ́ ọ. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń yà á. Bí o bá fẹ́ kọ́lé, yóò fi hàn ọ́ bí fèrèsé yóò ṣe rí àti ibi tí oòrùn yóò gbà wọlé.

Nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, pátákó kékeré kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń gbé iṣẹ́ àwòrán. Káàdì ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún àwọn ọmọ tó ń ṣe eré géèmù. Èkejì wà fún àwọn tó ń fi àwòrán jẹun, ó sì wọ́n bí ojú. Apá ọkùnrin náà kò ká a.

Ìyàwó rẹ̀ ló ra ti eré fún un. Aṣọ òkè tó kó wá láti ilé ìyá rẹ̀ ló tà. Ó gbé káàdì náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Olówó orí mi, ti àwọn ọmọdé ni wọ́n ní o. Ẹ má fi wé ti àwọn ọ̀gá yín." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó fi ya ṣọ́ọ̀bù, ó fi ya ilé ìdáná. Káàdì náà kò já a kulẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ìyàwó kú. Àìsàn náà kò pẹ́ lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, iṣẹ́ ńlá kan wá. Àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ya gbogbo rẹ̀, yàrá dé yàrá. Ọkùnrin náà fẹ́ iṣẹ́ yìí, nítorí bó bá ń ṣiṣẹ́ kì í gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ètò inú kọ̀ǹpútà tó fẹ́ fi yà á kọ̀. Ó ní káàdì eré ni òun rí, òun kò lè gbé iṣẹ́ ọ̀gá fún un.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Ẹni yẹn tú u, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni káàdì eré àti káàdì ọ̀gá. Ọpọlọ kan náà ló wà nínú wọn. Orúkọ ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Orúkọ lásán?"

"Ẹ wo ẹyọ kékeré yìí tó dà bí èèrà. Bí mo bá fi irin gbígbóná ṣí i nídìí, tí mo jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, kọ̀ǹpútà á máa pè é ní ọ̀gá."

"Ṣé kò ní bà á jẹ́? Ìyàwó mi ló rà á."

"Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ẹ wá gba ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa sinmi o."

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà tan, ó sì fi orúkọ ńlá kí káàdì náà. Ètò tó kọ̀ lánàá gbà lónìí. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní ìyàwó òun ì bá wà kó rí i.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí pé káàdì eré ni. Ètò náà kò rántí, ẹrù ló ń dì rù ú. Ọkùnrin náà kò rántí. Fáànù káàdì náà kéré, wọ́n ṣe é fún ọmọ tó máa ṣeré díẹ̀ tí ìyá rẹ̀ á sì ní kó lọ sùn. Ó wá ń yí láìdúró, ó ń dún bí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àmì funfun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á yọ, wọ́n á lọ. Ọ̀rẹ́ kan bẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yára fà á padà.

"Ó mà gbóná o!"

"Ó ń gbé e," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé o rí i kó kọṣẹ́ ni?"

Lóòótọ́, kò kọṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwòrán ilé ìwòsàn kù díẹ̀ kó parí, fáànù dúró. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Òórùn ike tó jó gba gbogbo yàrá.

Ẹni tó tún un ṣe yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ la yí padà. A ò yí fáànù padà."

Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìyẹn ló pa ọkùnrin náà lẹ́kún. Ó fi aṣọ wé káàdì náà, ó jókòó tì í. Aṣọ òkè ìyàwó rẹ̀ ló ti di káàdì yẹn, kò sì sí ìyàwó tí yóò ra òmíràn.

Àbúrò mi, ìwọ ni mo ń pa ìtàn yìí fún. Mo wà nídìí sàréè lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó tìrẹ náà. Mo rí ọmọ rẹ àgbà bó ṣe ń sunkún. Mo gbọ́ nígbà tí àwọn àǹtí rẹ̀ dì í mú, tí wọ́n ní, "Dákẹ́. Ìwọ ni ìyá àwọn àbúrò rẹ báyìí." Ọmọ náà dákẹ́. Gbogbo wa ní, "Káre."

Láti ìgbà náà, "Ìyá" ni ò ń pè é. Ìyá, oúnjẹ dà? Ìyá, ṣé o ti wẹ èyí tó kéré? Ìyá, bá mi wá aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ó sì ń jẹ́ ọ. Bí àwọn èèyàn bá béèrè ilé, wàá ní, "Ìyá wà níbẹ̀, ó ń gbé e."

Mo wá kí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà gbé omi fún mi, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Oorun ló gbé e lọ lórí ìkúnlẹ̀, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní ọ̀lẹ ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

N kò ní kó má ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láyé pàápàá ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. A yí orúkọ rẹ̀ padà nídìí sàréè, èjìká rẹ̀ kò yí padà. Kò tíì sunkún ìyá rẹ̀ tán tí a fi sọ òun náà di ìyá. Òun sì ni ohun tí ìyàwó rẹ fi lé ọ lọ́wọ́ kó tó lọ.

Èmi náà mọ bí àga tó ṣófo ṣe ń rí nínú ilé. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá wà nítòsí lèèyàn máa ń fẹ́ gbé jókòó síbẹ̀. Má ṣe é. Jẹ́ kí àga náà ṣófo.

Àtọ́kẹ́ ni ìyàwó rẹ máa ń ké pe ọmọ yẹn bó bá fẹ́ jí i láàárọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ta ló tún pè é bẹ́ẹ̀? Máa lọ sílé. Ìwọ ni kó o dáná lónìí, bó bá tilẹ̀ jóná. Pe ọmọ náà ní Àtọ́kẹ́. Bó bá bú sẹ́kún, má sọ fún un pé kó dákẹ́.