Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀yìn Ìlú

Òwe kan wà tí a kì í pa ní ìlú wa mọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni Ògúnṣakin fi wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí títì òkè Màmbílà, tí wọ́n ní kò sí títì tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Ó mọ gbogbo kọ́nà ibẹ̀ bí ẹni mowó. Nígbà tó padà wálé wá máa kó iṣu, àṣà wa kan ń bí i nínú. Bí ọkọ̀ bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ìlú, tó jẹ́ àpáta látòkè délẹ̀, gbogbo èrò ní láti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, awakọ̀ nìkan á wá fi jíà kìíní rọra sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ òjò kan, ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, màmá dìde pẹ̀lú àwọn èrò yòókù.

"Màámi, ẹ jókòó," Ògúnṣakin ní. "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù."

"Ọmọ mi, ṣáà fi jíà kìíní sọ̀kalẹ̀. Mo ń fẹsẹ̀ bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi jíà kẹta lọ. Nígbà tó máa tẹ búréèkì, táyà ti ń yọ̀ lórí àpáta tútù.

Ìsàlẹ̀ ni màmá ti bá a, ọkọ̀ ti dojú dé, iṣu bo Ògúnṣakin mọ́lẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń fi gèlè nu ojú ọmọ rẹ̀.

"Òkun rí ọmọ mi, kò gbé e," ó ní. "Ọ̀sà ẹ̀yìnkùlé wa ló gbé e lọ."