Oyin Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tí ìdílé rẹ̀ ń sin oyin tà. Nílé wọn, bí ọmọ bá ti pé ọdún méje, bàbá rẹ̀ á mú un lọ sídìí ìkòkò tí oyin ń gbé, á ní kó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí oyin bá ta á tí kò wú, ọmọ ilé ni.

Oyin mẹ́fà ta àkọ́bí ọkùnrin yìí, ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà tó yá, ó kan àbúrò rẹ̀, Ìyùnadé, ọmọ ìyá kan náà. Ìyá wọn bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó fi èyí sílẹ̀, pé bí èèrà lásán bá jẹ ẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ní í wú. Ọkọ ní ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á kí oyin má baà tú àṣírí ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ.

Oyin kan ṣoṣo ló ta Ìyùnadé. Kí bàbá rẹ̀ tó yíjú, ètè ti wú, ojú ti dí, èémí ń há mọ́ ọn lọ́fun. Ọ̀kadà ni wọ́n fi sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ ló dá a padà.

Kí ọmọ tó la ojú tán, ọkùnrin náà ti kọjú sí ìyàwó rẹ̀, lójú nọ́ọ̀sì, lójú ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀.

"Lọ wá bàbá ọmọ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ tiwa kì í sá fún oyin."

Nọ́ọ̀sì ní kó fara balẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù tó ń dá ọ̀tá mọ̀. Ọmọ á bu díẹ̀ lára bàbá, á bu díẹ̀ lára ìyá, òun ni yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ohun tí ọmọ ìyá méjì bù kì í sì í sábà bára mu. Ẹ̀ṣọ́ ti Ìyùnadé rí oyin kan, ó gbé ogun jáde bí ẹni tí ìlú ń jó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé tó ń ṣọ́. Ọkùnrin náà yínmú. Ó ní kó lọ pa irọ́ yẹn fún ará oko.

Ìyá rẹ̀ arúgbó ló dá a lóhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tí a ní ó já bọ́ lórí igi, kò gun igi kankan. Oyin kan ló ta á pa. Ìtìjú ni bàbá rẹ fi purọ́."

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọdún tó fi ń kìlọ̀ igi fún àwọn ọmọ rẹ̀, ibi tí ikú wà gan-an ló ń fà wọ́n lọ. Ìyàwó kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba ilé bàbá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń gbọ́, má ṣe bí ẹni pé ti oyin ni mò ń sọ. Èyí tí ò ń pè ní ọ̀lẹ láàárín ọmọ rẹ, ǹjẹ́ o ti bi í léèrè ohun tó ń ṣe é? Bí ẹ bá sì ti sin ẹnì kan nílé yín tí ẹ purọ́ mọ́ ikú rẹ̀, lọ sọ ọ́ lónìí. Bí o bá dákẹ́ tí òmíràn tún kú, má wá ẹni tó pa á kiri. Ìwọ ni.