Eérú Tí Jagun Dà Sẹ́nu Ọ̀nà Àtìpó

Aláró àti aṣeọṣẹ ni àwọn obìnrin ìlú Ìdóbà láyé àtijọ́. Iná wọn kì í kú, eérú wọn kì í tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tó dára púpọ̀: agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní kòtò eérú tirẹ̀. Ẹni tó bá dáná, ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ni yóò da eérú sí, yóò sì fi erùpẹ̀ bò ó. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ru eérú tirẹ̀ kọjá ojúde ẹlòmíràn.

Jagun Àlàdé ló ń bá ọba pín ilẹ̀. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló la ọ̀nà ọjà, òun ló gbẹ́ kànga àárín ìlú. Àmọ́ bí ìlú ti ń fẹ̀ sí i, ilé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rò. Ládépò, àrẹ̀mọ rẹ̀, fẹ́ kọ́lé, kò sì sí ilẹ̀ mọ́ nínú agboolé àfi orí kòtò eérú.

Ọdún yẹn náà ni ogun lé àwọn ènìyàn kan wá sí Ìdóbà. Ọba fún wọn nílẹ̀ ní apá àríwá, lẹ́yìn pápá kan, àwọn ará ìlú sì ń pe ibẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Àtìpó. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹlá. Ogun ti kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ, Àyọ̀ká ọmọọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Àyà ọmọbìnrin náà kò le, eruku díẹ̀ báyìí, èémí rẹ̀ á máa há.

Nígbà tí òjò ń rọ̀, Jagun pe ìlú jọ sí pápá náà. Ó ní kí wọ́n dí gbogbo kòtò eérú, kí àwọn ọmọ ìlú lè rí ilẹ̀ kọ́lé, kí gbogbo eérú sì máa wá sí ibi tí wọ́n dúró sí yẹn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ eérú kan, ó sọ ọ́ sókè. Afẹ́fẹ́ òjò gbé e, ó di orí òrùlé àwọn àtìpó.

Jagun ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò ní padà wá bá wa."

Àwọn àgbà tó mọ̀ pé ọyẹ́ ń bọ̀, tí wọ́n sì mọ ibi tí ọyẹ́ ń gbà wá, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n panu mọ́. Ilẹ̀ máa kan àwọn náà, àbí kí ni wọn ì bá sọ?

Ẹfúnyẹlá kúnlẹ̀. "Jagun, ẹ ṣàánú wa. Ẹnu ọ̀nà wa nìyí. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé, àyà rẹ̀ kò gba eruku."

"Ìyá, ẹ dìde. Ẹni tí a fún nílẹ̀ kì í sọ ibi tí onílẹ̀ máa da eérú sí."

"A ò sọ ọ́, baba. Kí kálukú ṣáà da tirẹ̀ sílé bí ẹ ti ń ṣe é bọ̀. Àwa náà á da tiwa sílé."

Jagun rẹ́rìn-ín. "Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ìyá." Àwọn ìjòyè bá a rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú ká.

Láti ọjọ́ náà ni apẹ̀rẹ̀ eérú ti ń tò lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Eérú wọ inú oúnjẹ àwọn àtìpó, ó wọ inú omi wọn, ó bá wọn dé orí ẹní. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí kò fi lè jẹun mọ́, kí òjò tó dáwọ́ dúró, ó kú. Ẹ̀bá ọ̀nà pápá náà ni wọ́n sin ín sí. Jagun rán ẹnìkan lọ kí ìyá náà. Ó ní ikọ́ ni, ikọ́ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rọrùn lẹ́nu ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ń mí dáadáa.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyàwó Ládépò bí ọmọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrètí ọdún gbọọrọ. Inú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí kòtò ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n gbé omi kalẹ̀, wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Bí Jagun ti fẹ́ ti ìka bọ omi, ó rí eérú lójú omi náà. Wọ́n dà á nù, wọ́n bu òmíràn, eérú tún bò ó. Afẹ́fẹ́ ti yí padà: láti àríwá, níbi pápá, ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sílùú. Ọmọ ọwọ́ náà sín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n tilẹ̀kùn, eérú gba abẹ́ òrùlé wọlé. Wọ́n fún un ní àgbo, ikọ́ ń le sí i. Nígbẹ̀yìn, Jagun ní kí ìyàwó Ládépò gbé ọmọ pọ̀n, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀dọ̀ Ẹfúnyẹlá lọ.

Jagun ní, "Ìyá, mo gbọ́ pé ẹ ti bá irú ikọ́ yìí jà. Àgbo wo lẹ lò?"

Ìyá náà gbé etí sí ẹ̀yìn ọmọ náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo mọ ikọ́ yìí. Mo lo àgbo, mo lo àdí, mo fi ẹnu ara mi fa ikun nímú Àyọ̀ká. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́, torí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ tún ti da òmíràn. Ẹ kó eérú yín lọ sílé, Jagun. Òun nìkan ni oògùn tí mi ò rí lò fún ọmọ tèmi."

Jagun ní kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó ti ìyá náà, nítorí ọyẹ́ kò gbé eérú dé ọ̀dọ̀ àwọn àtìpó. Ó padà sílé, ó ní kí wọ́n wó ilé Ládépò, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò náà padà. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ sí pápá, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó eérú. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e.

Bí Jagun ti ń ru eérú lọ sílé, tó kọjá lára sàréè Àyọ̀ká, kò lè gbójú sókè. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, eérú inú pápá sì ń wọ́ tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ funfun. Ọmọ Ládépò yè. Àyọ̀ká kò padà wá. Gbogbo ẹni tó rí Jagun lọ́jọ́ náà kò gbàgbé rẹ̀, ohun tí wọ́n rí ló sì di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní pé: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.