Ìdí Tí Alágẹmọ Fi Ń Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀ Wò Kí Ó Tó Tẹ̀ Ẹ́

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ mi, Alágẹmọ kì í rìn jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń rí i yìí. Eré ni ó ń sá, ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá kò lè bá a. Ojú rẹ̀ méjèèjì ń wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbà pé ohun tí ojú òun bá ti rí, ó parí.

Ó wá fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ bàbá àgbà kan ní etí odò. Bàbá yìí ti lé ọkùnrin mẹ́ta padà. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń kí àgbà.

Lọ́jọ́ tí Alágẹmọ fẹ́ lọ fojú han àna, ó wọ agbádá funfun, ó kó obì sínú igbá. Ìgbín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni yóò sìn ín lọ. Ìgbín ti gbéra láti ìjẹta kí ó má bàa pẹ́, nítorí náà etí odò ni wọ́n ti pàdé.

Odò pa rọ́rọ́. Alágẹmọ wo inú omi, ó sì rí bàbá níbẹ̀ kedere, ó jókòó sórí ẹ̀ka igi, ó dé fìlà abetí-ajá.

"Ọ̀rẹ́, rọra," ni Ìgbín wí. "Jẹ́ kí n fi ìwo kàn án wò ná."

"Ta ní í fi ìwo kan àna? O ò rí iwájú imú rẹ, o fẹ́ kọ́ mi ní ìríran!"

Bẹ́ẹ̀ ni ó kígbe pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá!" Ó nà gbalaja. Jàbú! Bàbá fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára. Omi tútù nìkan ni àyà rẹ̀ bà.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti òkè. "Àna mi, ta lò ń kí níbẹ̀ yẹn? Orí igi ni mo wà o!"

Àwọn ọmọge tó ń pọnmi bú sẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró o! Ọkọ rẹ ti lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ẹja!"

Àwẹ̀ró, tó wà láàárín wọn, fi ìkòkò omi bojú. Ìyẹn ló dun Alágẹmọ jù.

Ó wọ́ jáde, agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára, obì rẹ̀ ń léfòó lọ. Ara rẹ̀ pọ́n, ó dúdú, ó tún di àwọ̀ ewé. Kò sí àwọ̀ tó bo ìtìjú náà. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọlẹ̀ lọ.

Bàbá ní, "Máa lọ ná. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ mí yàtọ̀ sí òjìji mi, kí o padà wá."

Ní ọjọ́ keje, Alágẹmọ padà. Kò wọ agbádá. Ó gun igi náà. Ojú sọ fún un pé bàbá nìyí, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí kò gba ojú gbọ́ mọ́. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án, títí ó fi kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá. Ó le. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

Ìgbà náà ni ó wá rọra dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀ka, kò gbójú sókè. Bàbá sì pe Àwẹ̀ró pé kí ó wá kí ọkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Alágẹmọ kì í ti í kàn gbẹ́sẹ̀ lásán. Á wò ó, á na ẹsẹ̀, á fà á padà, á tún nà án, á kàn án wò, kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ̀yin ọmọ mi. Omi ọjọ́ yẹn kò tíì gbẹ lára rẹ̀.