Romana Bu Òkun Sínú Igbá
Ọkọ̀ onígbòkun kó àwọn Àgùdà tó ń ti oko ẹrú padà bọ̀ wálé dé Èkó láti Bàhíà lókè òkun, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ kò jẹ́ kí Romana tó ń dáná fún un sọ̀kalẹ̀. “Ọjọ́ tí òkun bá dúró jẹ́ẹ́ ni wàá lọ,” ló wí. Romana bu omi òkun sínú igbá: “Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ló ń mì ín. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé orí ilẹ̀, bóyá á dúró.” Ọ̀gá fẹ́ dójú tì í níwájú èrò, ó bá a wọ ọkọ̀ kékeré lọ sétí òkun. Romana gbé igbá sórí iyanrìn. Bí ọ̀gá ti tẹjú mọ́ omi, obìnrin náà tún ìró ró, ó kọrí sílé. “Ẹ máa ṣọ́ ọ, ọ̀gá. Bó bá dúró, ẹ ránṣẹ́ sí mi.”